Eégbọn, Ọyẹ́ àti Oòrùn: Bí Ẹ Ṣe Máa Tọ́jú Ajá Yín Yípo Ọdún

Ẹ ṣa eégbọn ara ajá yín tán lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, irun rẹ̀ ń dán. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, etí rẹ̀ tún ti kún fọ́fọ́. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù nígbà òjò nìyẹn, ohun kan náà ni mo sì máa ń bi wọ́n padà: ibo ni ajá yẹn ń sùn? Ara ajá là ń tọ́jú, a kì í wo ilé rẹ̀. A tún máa ń dúró kí àsìkò dé bá wa, ká tó máa sáré oògùn kiri.

Ẹni tó ń sin ajá ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Èkó tàbí Òṣogbo ni mo kọ èyí fún, ì báà jẹ́ ajá ìbílẹ̀, ì báà jẹ́ ajá òyìnbó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì, kí òjò tó dé.

Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀

- Òṣùwọ̀n tí èèyàn ń gùn. Bí ajá kò bá gbà láti dúró lé e, ẹ gbé e mọ́ra kí ẹ gun òṣùwọ̀n, lẹ́yìn náà kí ẹ̀yin nìkan gùn ún. Ẹ yọ èyí tó kéré kúrò nínú èyí tó pọ̀, ìwúwo ajá ló ṣẹ́ kù.
- Tẹmómítà tí yóò jẹ́ ti ajá nìkan. Ihò ìdí ni wọ́n ń tì í bọ̀, kí ẹ fi Vaseline pa ẹnu rẹ̀. Ara ajá tó le gbóná ju ti èèyàn lọ: 38.3 sí 39.2 ní ìwọ̀n Celsius ni. Ẹni tí kò mọ èyí yóò rí 38.8, yóò sì máa fún ajá aláàfíà ní oògùn ibà.
- Ẹmú kékeré, ìbọ̀wọ́, ìgò kékeré kan tí sípíríìtì wà nínú rẹ̀, àti tọ́ọ̀ṣì.
- Abọ́ omi méjì tó wúwo, tí ajá kò lè dà nù.
- Káàdì àjẹsára, àti nọ́ńbà dókítà ẹranko nínú fóònù yín. Ẹ wá nọ́ńbà yìí nígbà tí ara ajá ṣì le. Yunifásítì Ìbàdàn ní ilé ìwòsàn ẹranko, FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, náà ní.

Ìpele kìíní: Ẹ parí abẹ́rẹ́ kí òjò tó fìdí múlẹ̀

Ọmọ ajá máa ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Wọn yóò máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra, títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi máa ń wọlé ní oṣù mẹ́ta, wọ́n á tún un gún lẹ́yìn ọdún kan, lẹ́yìn náà ẹ tẹ̀lé ohun tí dókítà kọ sínú káàdì.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń kọsẹ̀: wọ́n á gún ẹyọ kan, wọ́n á ní ó ti tó. Kò tó. Ààbò tí ọmọ ajá mu nínú wàrà ìyá rẹ̀ lè sọ abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ di asán, kò sì sẹ́ni tó lè fojú wo ọmọ ajá kó mọ ọjọ́ tí ààbò náà tán. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ń tún un gún títí dé ọ̀sẹ̀ 16.

Ìkejì, abẹ́rẹ́ tó ti gbóná. Inú òtútù tó wà láàárín 2 sí 8 ní ìwọ̀n Celsius ló yẹ kí àjẹsára wà láti ibi tí wọ́n ti ṣe é títí dé ara ajá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ní ọmọ ajá mẹ́ta, ọkùnrin kan wá gún wọn lábẹ́rẹ́ nílé. Inú ọ̀rá dúdú ló ti yọ oògùn jáde, lọ́sàn-án gangan. N kò béèrè ohunkóhun. Láàárín oṣù yẹn, parvo, àrùn ìfun tó ń pa ọmọ ajá, wọlé: èébì, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tí òórùn rẹ̀ kò ṣeé gbàgbé, ara tó ń rọ wọ̀ọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi sin àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ bá mi béèrè yìnyín lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gún ajá yín. Bí kò bá gbé kúlà dání, kó máa lọ.

Ẹni tí parvo bá ti wọ ilé rẹ̀ rí kò gbọ́dọ̀ tètè mú ọmọ ajá mìíràn wọ àgbàlá náà. Kòkòrò àrùn yìí lè wà nínú ilẹ̀ fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oògùn ìfọlẹ̀ olóòórùn dídùn kò sì ràn án. Bílíìṣì ló ń pa á: ìwọ̀n kan bílíìṣì sí ìwọ̀n ọgbọ̀n omi. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ìdọ̀tí kúrò, ẹ wá da omi bílíìṣì sí i, kó wà níbẹ̀ tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Oògùn aràn náà wà nínú iṣẹ́ yìí. Ọmọ ajá máa ń lò ó ní ọ̀sẹ̀ 2, 4, 6 àti 8, lẹ́yìn náà lóṣooṣù títí dé oṣù mẹ́fà. Àgbà ajá, oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Bí ajá tí ẹ kò mọ ìtàn rẹ̀ bá bu èèyàn jẹ, ẹ má fi ata, epo tàbí ewé sí ojú egbò. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà. Bí àmì dìgbòlugi bá ti yọ lára èèyàn, ikú ló sábà máa ń yọrí sí.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìpele yìí ti parí:* lébẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ṣí lára ìgò abẹ́rẹ́ wà nínú káàdì, ọjọ́ tí wọ́n gún un àti ọjọ́ tó kàn wà níbẹ̀, ẹni tó gún un sì ti fọwọ́ sí i.

Ìpele kejì: Ẹ lé eégbọn kúrò nínú ilé ajá

Ibí ni kí ẹ ti farabalẹ̀ jù.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni eégbọn ajá tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ń gun ajá láyé rẹ̀: nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, nígbà tó gbó díẹ̀, àti nígbà tó dàgbà tán. Ní gbogbo ìgbà tó bá mu ẹ̀jẹ̀ yó, yóò já bọ́. Kì í padà sínú igbó. Ara ògiri ló ń gùn, yóò wọ ibi tí sìmẹ́ǹtì ti sán, abẹ́ pákó, ẹ̀yìn páànù, ibẹ̀ ni yóò ti bọ́ awọ. Abo tó mu ẹ̀jẹ̀ tó wú bí ẹ̀wà lè yé ẹyin tó ẹgbẹ̀rún mẹ́rin kó tó kú. Bí ẹ bá rí ogún lára ajá, èyí tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wà nínú ògiri.

Mo gbọ́ èyí tipẹ́, n kò gbà á gbọ́ àfi alẹ́ ọjọ́ kan tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn ibi tí Tanímọ̀la, ajá mi, ń sùn. Wọ́n tò gẹ̀rẹ̀rẹ̀ lára ògiri lọ sókè, àwọn kan bíi hóró ìrẹsì, àwọn kan tó wú, tí awọ wọn ń dán bí òjé. Àwọn kéékèèké tó wà lẹ́nu ihò na ẹsẹ̀ iwájú síta, wọ́n ń retí kí ajá fara kàn wọ́n. Oṣù méjì gbáko ni mo sì ti fi ń ṣa eégbọn lára Tanímọ̀la láràárọ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́, eégbọn náà kò lè wọ̀ ọ́.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ọjọ́ kan náà ni kí iṣẹ́ kìíní dé ìkarùn-ún wáyé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn tó sá kúrò lára ajá yóò padà wá.

1. Ẹ wọn ajá, kí ẹ ra oògùn tó bá ìwúwo rẹ̀ mu lọ́wọ́ dókítà ẹranko. Èyí tí ajá ń jẹ wà: NexGard máa ń ṣiṣẹ́ fún oṣù kan, Bravecto fún ọ̀sẹ̀ 12. Èyí tí wọ́n ń kán sí ẹ̀yìn ọrùn náà wà. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń kán ni, ẹ má wẹ ajá ní ọjọ́ méjì ṣáájú àti ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀.
2. Ẹ kó gbogbo ohun tó ń sùn lé jáde, àpò, rọ́ọ̀gì àlòkù, aṣọ, kí ẹ sun wọ́n. Ẹ má jù wọ́n sẹ́yìn ilé.
3. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ògiri àti ilẹ̀, kí ẹ da omi gbígbóná tó ń hó sínú gbogbo ihò. Ẹ dé òkè pẹ̀lú. Eégbọn fẹ́ràn òkè, ilẹ̀ nìkan sì lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fọ̀.
4. Ẹ fọ́n oògùn eégbọn ti ilé, amitraz ni ọ̀pọ̀ ń lò, ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Kí ajá, ológbò àti ọmọdé jìnnà títí gbogbo rẹ̀ yóò fi gbẹ.
5. Ẹ po sìmẹ́ǹtì, kí ẹ dí gbogbo ojú tó sán.
6. Ẹ tún iṣẹ́ kẹta àti ìkẹrin ṣe ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì fún oṣù méjì sí mẹ́ta. Ẹyin tí ẹ kò rí lónìí ń bọ̀ wá pa, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń sọ̀rètí nù náà nìyẹn. Wọ́n á ṣe é lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní oògùn náà kò dára.

Èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ ara ajá, ẹ fi ẹmú mú un níbi tó ti kan awọ gan-an, kí ẹ fà á gbọọrọ sókè láìyí i. Ẹ jù ú sínú sípíríìtì. Ẹ má fi ìṣáná jó o, ẹ má fi èékánná tẹ̀ ẹ́ pa, nítorí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ lè ní àrùn.

Ẹ dákun, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Ọ̀tapiápiá kì í ṣe oògùn ara ajá. Dichlorvos tó wà nínú rẹ̀ ń gba awọ wọlé, ajá á tún lá a, yóò máa dá itọ́, yóò máa gbọ̀n, ó sì lè kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Dísù, kẹrosíìnì àti ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ń bó awọ. Ìyá àgbà kan tó fi kẹrosíìnì pa ajá rẹ̀ lára pè mí wá wò ó: ikùn ajá náà ti bó bí ìgbà tí omi gbígbóná dà sí èèyàn lára, ìyá náà sì ń sunkún pé, “Ọmọ mi, mo rò pé mo ń ràn án lọ́wọ́ ni.” Abẹ́rẹ́ ivermectin tí wọ́n ń gún ní ìwọ̀n “ojú mi gbà á” náà léwu. Àwọn ìran kan wà tí ara wọn kò gbà á, irú bíi Collie, àwọn kan sì wà bẹ́ẹ̀ nínú àwọn Alsatian. Bí ológbò bá wà nílé, ẹ má kán oògùn eégbọn ajá sí i lára láé. Permethrin tó wà nínú àwọn kan ń pa ológbò.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti ṣe:* lẹ́yìn ọjọ́ méje, ẹ wo inú etí, abẹ́ apá, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ àti abẹ́ ìrù. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ògiri. Èyí tí ẹ bá rí gbọ́dọ̀ kéré ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ. Tó bá jẹ́ pé ara ajá mọ́ ṣùgbọ́n nǹkan ṣì ń rìn lára ògiri, iṣẹ́ kò tíì parí.

Ẹ máa wo èrìgì rẹ̀ pẹ̀lú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní gbogbo ìgbà òjò. Ẹ gbé ètè sókè, ẹ fi ìka tẹ èrìgì títí yóò fi funfun, kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó yẹ kó ti pupa padà. Bí èrìgì bá ṣì bí ẹfun, tí ajá kò jẹun, tí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n dúdú bí omi zobo, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibà eégbọn. Ẹ̀jẹ̀ ni dókítà máa yẹ̀ wò. Ẹ má ra oògùn ibà èèyàn fún un: paracetamol lè ba ẹ̀dọ̀ ajá jẹ́.

Ìpele kẹta: Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ lójoojúmọ́

Ẹ gbé ibùsùn ajá kúrò nílẹ̀, búlọ́ọ̀kù mẹ́rin àti pákó kan tó. Ẹ nu àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ bó bá ti òjò dé, nítorí ibẹ̀ ni awọ ti ń rà. Ẹ má jẹ́ kó mu omi àgbàrá. Ìtọ̀ eku ń wọ inú omi yẹn, àrùn leptospirosis sì wà nínú rẹ̀, èyí tó lè ran ẹ̀yin náà. Oúnjẹ tí ajá kò bá jẹ tán, ẹ kó o kúrò kí eku má bàa wá jẹ ẹ́.

Ọ̀pọ̀lọ́ ni ọ̀rọ̀ tí wọn kì í sọ. Lálẹ́ lẹ́yìn òjò, ajá á rí i tó ń fò, á gbé e sẹ́nu, ẹnu rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó yee. Oró wà nínú awọ ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ tẹ orí ajá wálẹ̀, kí ẹ fi omi ṣan ẹnu rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kí omi máa jáde, kó má lọ sí ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ fi aṣọ tútù nu èrìgì àti ahọ́n. Bó bá ń gbọ̀n tàbí tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lóru náà.

Ẹ má rọ epo pupa sí i lọ́nà ọ̀fun. Mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n kọ́ wa nìyẹn fún gbogbo májèlé. Epo máa ń ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró ajá tó ń gbọ̀n, kì í sì í pa oró.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ibùsùn rẹ̀ láàárọ̀ lẹ́yìn òjò òru. Tí ó bá rin, ẹ gbé e ga sí i tàbí kí ẹ yí ojú ilé náà sí ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn kì í ti í fẹ́ òjò wọlé.

Ìpele kẹrin: Ọyẹ́

Eyí kò le. Ẹ dín wíwẹ̀ kù sí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku kúrò nínú irun. Bí imú tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ bá sán, ẹ fi òrí tó mọ́ pa á díẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ jẹun, kí oúnjẹ lè gbà á lọ́kàn kó má bàa lá a. Òtútù òwúrọ̀ kùtù máa ń mú ọmọ ajá àti arúgbó ajá: àpò tó nípọn tó mọ́, ojú ilé tí kò kọjú sí ìhà àríwá níbi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá.

*Àyẹ̀wò:* ìka yín kò gbọ́dọ̀ rí ojú tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ máa ṣe ipin aláwọ̀ ewé.

Ìpele karùn-ún: Alẹ́ báńgà

Láti ọjọ́ 24 oṣù Ọ̀pẹ títí di ọjọ́ kejì ọdún tuntun, ajá ń sọnù nígboro. Báńgà á dún, ajá á fo ọgbà, tàbí kó já ṣéènì, á sá títí yóò fi dé ibi tí kò mọ̀. Ajá tí wọ́n so mọ́ ẹnu géètì tún burú jù, nítorí ó lè fi ṣéènì fún ara rẹ̀ lọ́rùn.

Ẹ mú un rìn kí oòrùn tó wọ̀, kó yàgbẹ́, kó tọ̀. Nígbà tó bá di aago méje, ẹ mú un wọ yàrá tí fèrèsé rẹ̀ tì, ẹ tan fáànù àti rédíò sílẹ̀, kí ẹ fi aṣọ tí ẹ ti wọ̀ tì í. Ẹ má nà án bó bá ń gbọ̀n tàbí tó tọ̀ sílẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sí ara bẹ́líìtì ọrùn rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà. Egungun adìyẹ Kérésì náà ńkọ́? Èyí tí wọ́n ti sè máa ń fọ́ ṣóńṣó, ó lè gún ìfun.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fi ìka méjì sáàárín bẹ́líìtì àti ọrùn. Tí ìka mẹ́ta bá wọlé pẹ̀lú ìrọ̀rùn, orí ajá máa bọ́ jáde nínú rẹ̀.

Ìpele kẹfà: Ooru oṣù kejì sí ìkẹrin

Ajá kì í làágùn bíi tiwa, ẹnu ló fi ń mí ooru síta. Nítorí náà, ilé ajá tí wọ́n fi páànù kan yíká ara rẹ̀ láìsí àjà di ààrò ní aago méjì ọ̀sán. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bo òkè páànù, ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ méjì sílẹ̀, tàbí kí ẹ jẹ́ kó wà lábẹ́ igi. Tí ṣéènì bá wà lọ́rùn rẹ̀, kó gùn dé ibi òjìji ní gbogbo wákàtí. Òjìji òwúrọ̀ kì í ṣe òjìji ọ̀sán, ẹ lọ wò ó ní aago méjì.

Omi: ajá oní kílò 20 lè mu tó lítà kan lóòjọ́, ní ìgbà ooru á ju bẹ́ẹ̀ lọ. Abọ́ méjì, ibi méjì, kí ẹ pààrọ̀ omi láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ẹ mú un rìn kí aago méje àárọ̀ tó lù. Kí ẹ tó gun títì ọlọ́dà, ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé e fún ìṣẹ́jú àáyá méje. Tí ọwọ́ yín kò bá gbà á, ẹsẹ̀ ajá kò ní gbà á. Àwọn onímú kúkúrú bíi Bulldog àti Pug, àti àwọn onírun kíki bíi Caucasian, ni ooru ń tètè mú. Ẹ má sì fi ajá sílẹ̀ nínú ọkọ̀ rárá, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹ fẹ́ fi ra búrẹ́dì.

Bó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ tí kò dáwọ́ dúró, tí ahọ́n rẹ̀ pọ́n yòò, tí itọ́ rẹ̀ ń fà, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ ki tẹmómítà bọ̀ ọ́. Bó bá ti ju 40 lọ, inú ilé yẹn gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó wá ọkọ̀. Ẹ gbé e sí òjìji. Ẹ da omi tútù láti inú kànga tàbí ẹ̀rọ sí ikùn, abẹ́ apá, àárín itan àti ẹsẹ̀ rẹ̀, kí fáànù máa fẹ́ sí i. Ẹ má fi aṣọ tó rin bò ó, ooru á há sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu, ẹ gbé e síwájú rẹ̀ kó lá a fúnra rẹ̀. Bí tẹmómítà bá ti ka 39.4, ẹ dá omi dúró, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà, kódà bó ti dìde tó ń ju ìrù sí yín, nítorí kíndìnrín rẹ̀ lè dáṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta.